Ibi Tí Dakali Wà Tẹ́lẹ̀

Èmi ni mo ya àwòrán bí wọn ó ṣe mọ ògiri iwájú ilé wa, nítorí iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ìlú, àwọn onílé àdúgbò wa ní Tudun Wada ní kí oníkálukú gbé ògiri rẹ̀ ga. Kí tiwa lè gún régé, mo ní kí wọ́n wó dakali, pèpéle amọ̀ iwájú ilé tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo rò pé ààbò ni mo ń ṣe fún màmá mi, tó ń dá gbé inú ilé náà.

Bí a ti parí, àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́sàn-án gangan, ìró bàtà ara mi ni mò ń gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn tó ń kọjá ṣì ń yà bàrà níbi tí dakali wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí ògiri: "Ẹ kú ìjókòó o."

Àfáà tó kọ́ mi ní kéwú, bàbá afọ́jú ará Ìlọrin, kò yéé wá. Á dúró, á fẹ̀yìn ti ògiri.

"Àfáà, kò sí dakali mọ́ o."

"Èmi tí mi ò ríran mọ̀ pé ó wúlò. Ìwọ tó ríran lo wó o."

Lọ́jọ́ kan tí mo ti Kakuri, níbi tí mò ń gbé, dé, mo bá Àfáà níbi tó ti ń fò kúrò lára ògiri.

"Wàláì, ẹnì kan ń kan ògiri mọ́ mi lẹ́yìn."

Mo lẹ etí mọ́ ọn. Kò. Kò. Kò. Bí ìró láti inú sàréè.

Mo sáré ṣílẹ̀kùn. Màmá mi ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti àárọ̀, itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Kẹ́tù àlùwàlá ló fi ń kan ògiri.

"Mo kígbe títí ohùn mi fi pin," ó ní. "Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò gbọ́ mi."

Alihamudulilai, Ọlọ́run dá a sí. Kó tó ti ọsibítù dé, mo ti bu ògiri náà kù dé àyà, mo sì ti tún dakali mọ.

Lẹ́yìn Alásárì ọjọ́ tó dé, Àfáà fọwọ́ wá dakali kiri, ó wá jókòó sétí pátápátá.

"Ẹ sún sáàárín, Àfáà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ni ìjókòó ibẹ̀ ti wà lórí ìdúró," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n jókòó."