Dòdò Tó Sanwó Bàálù Jù Mí Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀ lọ kí omijé tó gbẹ lójú mi. Ọ̀gá kan nílé ẹ̀kọ́ fi ipò tó tọ́ sí mi fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnì kankan níhìn-ín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí yóò mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú wọn, tirẹ̀ ló sì dùn mí jù.

Jọ́ọ̀sì ni mo wà, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní jọ́gíráfì, nígbà tí ìyá wa kú ní Àpòmù. Kì í ṣe ikú òjijì. Àìsàn náà pẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n sin ìyá wa, wọ́n ṣe fídáù rẹ̀, kí ìròyìn tó dé etí mi. Nígbà tí mo délé, tí mo bi í léèrè níwájú àwọn àgbà ilé, ó ní owó ọkọ̀ láti Jọ́ọ̀sì ti wọ́n jù, pé àwọn kò fẹ́ fi ìnáwó dà mí láàmú. Àwọn àgbà mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Láti ìgbà náà ni n kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, ì báà wí pé ó wọ́n ni o, ì báà wí pé pọ́ọ́kú ni.

Ìgbà òjò tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù láti Àbújá. Obìnrin ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé láti ìgbà tí kò ti lè dá gbé mọ́. Ó ní iyè ìyá òun ti ń ra. Láàárọ̀, ó ṣì ń mọ èèyàn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àìlà tán, ọjọ́ náà ti bọ́ nìyẹn. Kò ní mọ ẹni tó wà níwájú òun mọ́. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mọ́mì Ìkirè, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ bá wọn sọ, ẹ tètè máa bọ̀."

Mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi ìdí tí kò fi pè mí nígbà tí ìyá wa ń kú lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé. Bí iyè rẹ̀ bá ra tán, ìdáhùn náà bá a lọ nìyẹn, èmi yóò sì kú láìmọ̀.

Ọmọ náà fẹ́ san owó ìrìn-àjò mi. Mo kọ̀ ọ́. N kò lè jẹ́ kí owó ilé yẹn gbé mi dé ilé yẹn. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti bá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà ti já mi láyà, egungun mi kò sì tó ohun tí wọ́n ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo tọ ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan lọ lẹ́bàá ọjà ní Ìkirè tí mò ń gbé báyìí, mo ní kó bá mi wo bàálù. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. Pọ́ọ́kú lowó ọ̀pọ̀."

Mo wo iye náà, mo nu gíláàsì mi, mo tún un wò. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọkọ̀ ilẹ̀ láti Gbọ̀ngán dé Àbújá lọ. Mo bi í bóyá odindi bàálù ni wọ́n fi ń gbé èèyàn níye yẹn tàbí orí ìyẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní odindi ni, wọ́n á tilẹ̀ fi mí sídìí fèrèsé bí mo bá fi díẹ̀ kún un. Ó ní bí mo bá ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, yóò tún dín sí i. Ṣùgbọ́n Èkó ni bàálù ọ̀hún ti ń gbéra, ní ìdájí. Ti Ìbàdàn wọ́n jù ú lọ. Ó ní ṣé n ó gbé ẹrù. Mo ní rárá, báàgì ọwọ́ mi nìkan.

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹni tí kò bá gbé Ìkirè ni kò ní yé. Ọmọ Ìkirè kì í jáde nílùú láìmú dòdò lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni, a ó gún un pọ̀ mọ́ ata, a ó dín in nínú epo títí yóò fi dúdú. Bí o bá délé ènìyàn láìsí i, wọn yóò wo ọwọ́ rẹ kí wọ́n tó wo ojú rẹ. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ẹrù láàárín wa, bí kò ti sí ẹni tó ń pe bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹrù. A kò sì lè lọ wo ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ òfo, bó ti wù kí ó ṣẹ̀ni tó. Mo lọ sí Àpòmù lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára, mo dín in fúnra mi, ó kún páálí kan.

Ọkọ̀ gbé mi láti Ìkirè lọ sí Èkó. A dé Ìbàdàn, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà sí pápákọ̀ òfuurufú tiwọn, mo yí ọrùn wò ó títí kò fi hàn mọ́. Mo ti kọ́ ọmọ tí kò lóǹkà bí a ti ń ka máàpù. N kò rí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀ tó ní kí ẹni tó ń lọ sí òkè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Nítorí ìdájí náà, mo ní láti sùn ní Èkó, ilé àbúrò ọkọ mi ni mo sì sùn, ilé tí mo ti búra pé n kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, ó ń wò mí bí mo ti ń jẹ ẹ́. Èló ni kí n pe ìyẹn? N kò mọ̀. Kò sí lára iye tí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà fi hàn mí.

Ní pápákọ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ mi nítorí pé n kò tẹ ìwé ìwọlé mi jáde láti ilé. Mo ní ṣé bébà ni wọ́n ń tà ni àbí bàálù. Wọ́n gbowó, wọ́n na bébà náà sí mi. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń wọn ẹrù. Ó kí mi dáadáa, ó tọ́ka sí páálí mi. Mo ní n kò ní ẹrù.

"Èyí ńkọ́, Mà?"

"Dòdò ni."

"Ẹrù ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n."

"Ọmọ mi, ẹ̀bùn ni. Ìkirè ni mo ti ń bọ̀."

Kò gbọ́ Ìkirè rí, tàbí ó ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí. Ó wọn ọ́n, ó pe iye kan. Mo ní kó tún un pè. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní gáréèjì Gbọ̀ngán: mo dá iye náà sí méjì, mo pe ìdajì. Níbẹ̀, dírẹ́bà náà ń gbowó ẹrù, n kò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n yóò wo ẹrù rẹ, yóò wo ojú rẹ, ìwọ náà yóò wo táyà rẹ̀, ẹ ó jọ sọ ọ́ títí yóò fi bọ́ sí ibi tó tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn, kí o tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Mo pe ìdajì, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo fi díẹ̀ lé e, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mọ́mì, kì í ṣe èmi ni mò ń pe iye yẹn. Ẹ̀rọ ni."

"Ta ló sọ ọ́ fún ẹ̀rọ?"

Ó wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni pé ó yẹ kí ó fèsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́yìn mi ti ń ṣòṣé. Ó ní, "Mama, na airport be dis o, no be garage." Ó wá fi Yorùbá kún un kí àwọn tó kù lè gbádùn rẹ̀: "Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n, Mà. Wọn kì í gba owó ẹrù lórí ọmọ ẹ̀yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i.

"Ìwọ tí ìyá rẹ pọ̀n ńkọ́, èló lo ti san fún un?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó. Owó tí mo san lórí dòdò ju owó ìjókòó mi lọ. Mo wo páálí náà bó ti ń yọ́ lọ lórí rọ́bà dúdú wọn, mo ń rò ó pé nínú àwa méjèèjì, ta ni èrò, ta ni ẹrù.

Bàálù kò gbéra ní ìdájí. Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, wọ́n tún ní kí a ṣe sùúrù, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Bí dírẹ́bà Gbọ̀ngán bá dá wa dúró bẹ́ẹ̀, a ó ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ní pápákọ̀ yìí, gbogbo ènìyàn jókòó, wọ́n ń tẹ fóònù wọn. Èmi nìkan ni mo ń wo oòrùn lójú fèrèsé. Nítorí àárọ̀ ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, bí àárọ̀ bá sì lọ, kí ni mo wá rà?

Mo dé Àbújá lẹ́yìn ìrun àìlà. Pápákọ̀ wọn jìnnà sí ìgboro, onítakisí sì fojú wọn aṣọ ọrùn mi kó tó pe iye tirẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àga, ó fi ìborùn funfun bo orí. Ó ti gbẹ. Aṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà, ojú oníṣòwò ló sì fi wò mí.

"Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà mi. Léèsì ni àbí àǹkárá?"

Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó ní kí n má ṣe wàhálà, òun kò ní lè dín in ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ bu dòdò fún un. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní ó dùn gan-an, ó sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé ta ló gbé e wá.

Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ mi ti wà fún ìdájí ọjọ́ kejì. Ọmọ náà ní kí n dúró di àárọ̀. Ó bá mi pe ilé iṣẹ́ bàálù náà. Wọ́n ní irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ṣeé yí padà, bí mo bá fẹ́ ọjọ́ mìíràn, kí n ra òmíràn, ìyẹn kò sì ní pọ́ọ́kú mọ́. Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn tí wọ́n tẹ́ fún mi, ọkàn mi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mo gbìyànjú láti mọ ohun tí ìrìn-àjò yìí jẹ́ mí gan-an. Bí mo bá ní ó wọ́n, mo rántí ọ̀nà Lọ́kọ́jà àti àwọn tí kò tí ì padà wálé. Bí mo bá ní pọ́ọ́kú ni, mo rántí Èkó, bébà, páálí, àti oúnjẹ tí mo jẹ lábẹ́ ojú ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Bóyá iye tí wọ́n kọ síta kì í ṣe iye ohunkóhun, bóyá ó kàn wà láti mú ni kúrò nílé ni. N kò mọ̀. Mo kàwé, mo kọ́ni, mo fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé mi títí di òní. Ohun tó yé mi ni pé bí mo bá bá bàálù ìdájí lọ, mo ti sọ ìbéèrè mi nù. Mo jẹ́ kí bàálù náà lọ.

Nígbà tí mo kírun àsùbáà tán, mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti jí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó sì fi oríkì mi kí mi, oríkì tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ọdún gbọ́nhan. Ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo mọ̀ pé iyè rẹ̀ wà nílé, n kò sì mọ bí yóò ti pẹ́ tó. Mo jókòó nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbúrò, mo sì bi í. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò fi pè mí nígbà tí ìyá wa ń kú lọ.

Kò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá lójijì. Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ díẹ̀, mo rò pé ó ti tún bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí itan.

"Ìwọ ni ìyá wa ń pè ṣáá. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń gbé e dìde, tí mo bá sì fún un lómi, orúkọ rẹ ni yóò fi dúpẹ́. Mo rò ó pé tí kò bá rí ọ títí, yóò pe èmi náà."