Àmì Tìróò Níwájú Orí Àlájì

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́. Kò burú, ó kúkú ṣojú mi.

Iṣẹ́ mi ní Sokodé ni pé, kí n tó tẹ fọ́tò, màá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ńpútà títí ihò ara èèyàn á fi máa wò mí. Àbùkù tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tó bá dé orí bâche, aṣọ rọ́bà ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ sí títì, á tó àwo.

Àlájì kan, ará Kambolé tó ń ta aṣọ lọ́jà, gbé fọ́tò rẹ̀ wá kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bâche. Àwa ọmọ Kambolé tó wà ní Sokodé fẹ́ yan olórí, ipò náà sì ń pa á bí òùngbẹ. Ìyàwó rẹ̀ àgbà bá a wá. Nínú fọ́tò, àmì ìforíkanlẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, dúdú bíi kóró iṣin. Lójúkojú, fìlà ló bo ibẹ̀.

Mo fẹ̀ ẹ́. Ìtẹ̀ka ló hàn láàárín àmì náà, ketekete.

"Àlájì, kí lèyí?"

"Kí ló kàn ọ́? Ṣá tẹ̀ ẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ ti na ọrùn. "Tìróò mi! Èmi ń bá orogún mi jà pé ó ń jí i lò, àṣé baba ilé ló ń kùn ún!"

"Pa ẹnu ẹ dé, obìnrin yìí!"

Mo ní kó jẹ́ kí n pa àmì náà rẹ́.

"Àwọn alátakò mi ló rán ọ! Ìwọ tí kì í kírun àsùbáà, ìwọ lo fẹ́ nu ìrun kúrò lórí mi?"

"Ìrun tèmi kéré, Àlájì. Ṣùgbọ́n n kì í dà á látinú ìgò."

Ó fa clé tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ yọ lára kọ̀ńpútà. "Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fún mi ní Tchamba. Àwọn yẹn kì í tojú bọ ojú olójú!"

Òótọ́ ni. Wọn ò wò ó rárá. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bâche ti wà lókè lẹ́bàá ọjà, ìtẹ̀ka náà sì gbòòrò bí ọpọ́n. Àwọn ará Kambolé dúró sábẹ̀, wọ́n ń pariwo, "Àlájì Tìróò!" N kò tíì ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí Àlájì fi gbá mi lọ́rùn aṣọ mú.

"Ta lo sọ fún?"

Mo nawọ́ sí bâche lókè. "Iwájú orí yín ló ń sọ ọ́."

Ó gbá mi létí, dígí ojú mi fò, ó bọ́ sí gọ́tà.