Ọgbọ̀n Púlọ́ọ̀gì tí Ottorino Gé

Lọ́jọ́ tí Ottorino gé púlọ́ọ̀gì ọgbọ̀n ẹ̀rọ kọfí dànù, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà. Ivano Zanin, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kọfí tó wà nílùú wa lẹ́bàá Treviso ní Ítálì, ti wọ táì tuntun, ó ti bu wáìnì fún Merete, obìnrin ará Dẹ́nmáàkì tó wá kó ẹrù. Merete ti sọ ọ́ láìfi bò: bí ẹrù náà ò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á wá ẹlòmíràn. Bó bá sì wá ẹlòmíràn, Ivano á ti ilẹ̀kùn pa, òṣìṣẹ́ méjìlá á padà sóko àjàrà bàbá wọn.

Ni Ottorino, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀rọ wò, bá jáde pẹ̀lú pákó rẹ̀ lábíyá. Gbogbo ìlú ló mọ pákó yẹn. Ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án mọ́ ọn, ó ń gbé e kiri bí abiyamọ ṣe ń gbé ọmọ.

"Ta ló fi púlọ́ọ̀gì Jámánì sí ẹrù Dẹ́nmáàkì?"

"Èmi ni, Bàbá." Ivano, tí ọgbọ́n rẹ̀ ò lè kún ife kọfí, gba pákó náà, ó so ó mọ́ iná, ó ki púlọ́ọ̀gì kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Dẹ́nmáàkì. Ẹ̀rọ tan. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i? Ó wọlé!"

"Olè náà máa ń wọlé!" ni Ottorino dá a lóhùn.

Ó kọjú sí Merete. "Ìyáàfin, irin lara ẹ̀rọ yìí, omi ló wà níkùn rẹ̀. Bí wáyà kan bá já nínú rẹ̀, irin ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì yìí ló yẹ kó gbé iná náà lọ sínú ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tiyín ò mọ irin ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ kẹta ló ń retí. Àwọn méjèèjì ò pàdé rárá. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní fura, àfi ọjọ́ tí ọmọ tó ń fọ ife bá fi ọwọ́ tútù kàn án."

"Bàbá, ẹ̀ ń ba ọjà mi jẹ́!"

"Ọmọ Zanin, bàbá rẹ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ṣé ó gbàgbé pé òun bí ọ ni?"

Ó fa ẹ̀mú yọ lápò. Ó ń tú páálí, ó ń gé, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ó fi pé ọgbọ̀n. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fìlà, ó gbé e lé Ivano lọ́wọ́. "Gbà. Ní kí ìyàwó rẹ fi se ìrẹsì."

Ivano jókòó sórí páálí bí ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Merete mú púlọ́ọ̀gì kan nínú fìlà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ọmọ mi obìnrin ló ń fọ ife ní ṣọ́ọ̀bù mi," ó ní. "Ẹ lọ wá èyí tó dáa. Màá dúró."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró kí wọ́n tó rí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó wá, ilé Ottorino ló sì dé sí. Elvira, ìyàwó rẹ̀, se ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Bí wọ́n ṣe jókòó tì í, Merete yọ nǹkan tó fi ń gba iná sí fóònù, pẹ̀lú ádápítọ̀ jákujàku kan tó rà ní pápákọ̀ òfurufú, irú èyí tó ń mú púlọ́ọ̀gì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ottorino.

"Ẹ bá mi gbé pàǹtírí yìí síta. Mi ò lè bá a jẹun nínú yàrá kan."

"Ottorino! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Àlejò kọ́ ni mò ń bá wí, Elvira. Ádápítọ̀ ni."

Kò tilẹ̀ dá Don Silvestro, Fàdá wa, sí. Lọ́dún Kérésìmesì kan, Don Silvestro to ibùjẹ ẹran àti ère Jésù ọmọ ọwọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá fi ádápítọ̀ gun ádápítọ̀, wáyà mẹ́fà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ottorino kọ̀, kò kúnlẹ̀.

"Fàdá, ẹ yọ ọ́."

"Ṣé kí Jésù wà lókùnkùn ni?"

"Inú òkùnkùn ni wọ́n bí i. Ẹnikẹ́ni ò bí i sínú iná."

Ìgbà ìkórè àjàrà ni Ottorino kú, lórí àga, pákó lórí itan. Níbi ìsìnkú, púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ gbohùngbohùn sanra ju ihò ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹnì kan sáré mú ádápítọ̀ wá. Don Silvestro wo ádápítọ̀, ó wo pósí.

"Gbé e kúrò kíá," ó ní. "Ó ń wò wá."

Ó fi ọ̀fun ara rẹ̀ pariwo Máàsì náà dópin. Ẹ̀rín pa wá títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi náà ò dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń di ẹrù mìíràn fún Merete. Nives, òṣìṣẹ́ tuntun, ki púlọ́ọ̀gì kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Dẹ́nmáàkì lára pákó Ottorino, tí wọ́n ti gbé kọ́ ògiri.

"Ọ̀gá, ó wọlé!"

Ivano wò ó. Irin ẹ̀gbẹ́ ló ní, kò ní ẹsẹ̀ kẹta.

"Olè náà..." Ó kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀, ó fi táì nu ojú. Lẹ́yìn náà ó fa ẹ̀mú Ottorino yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí.