Ẹni Tó Ń Ṣe Àmín Lẹ́yìn Wa

Kí ẹ tó bi mí bóyá mo mu nǹkan lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn: ọtí ò kan ẹnu mi rí. Ojúmọmọ ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, èèyàn sì wà lọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá gbà á, ìyẹn ò ní kó di irọ́.

Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń mú àlejò fẹsẹ̀ rìn yíká àwọn ilé ìjọsìn àtijọ́ tó wà nílùú, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà bíi tèmi làwọn tí mo mú lọ́jọ́ yẹn, láti Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Kò sí àgbàlagbà kankan láàárín wa, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Títí, àbúrò mi obìnrin, wà lọ́sibítù, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà sì ní ká máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti ń dárúkọ àdúrà, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ìrìn yẹn ni mo kàn fi ń pa ìrònú rẹ́.

Mọ́sálásí àtijọ́ kan nítòsí Tákíé la kọ́kọ́ lọ. Òjò ti ṣú dùdù. Nígbà tí Alfa tó gbà wá lálejò sọ ìtàn ibẹ̀ tán, ó ṣàdúrà fún wa pé òjò ò ní pa wá. Gbogbo wa ṣe àmín. Ìgbà tá a panu mọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan lẹ́yìn wa.

"Àmín."

Mo bojú wẹ̀yìn, ògiri ni mo rí. Ká tó wọ bàtà wa tán, òjò yẹn ti lọ, oòrùn ti yọ. Mo ní àdúrà Alfa ló gbà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wà látìgbà àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló kàn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Pásítọ̀ gbàdúrà pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní fẹsẹ̀ kọ. A ṣe àmín. Mo dẹtí sílẹ̀, ẹ̀yìn wa pa lọ́lọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní etí mi ló ń tàn mí jẹ láàárọ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, bá a ṣe ń jáde ni Ṣadé, ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi, ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kán. Kí wọ́n tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù, ó fà mí mọ́ra, ó rọra sọ sí mi létí pé:

"Tíṣà, màmá tó ń tẹ̀ lé wa yẹn, ta ló pè wọ́n?"

Mo ní màmá wo. Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Orí mi wú.

Ẹni tó gbọ́n á ti gbalé lọ. Àmọ́ àwọn tó kù sọ pé ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ká kúkú parí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kékeré kan ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, bàbá kátíkíìsì, olùkọ́ni ìjọ tó wà níbẹ̀, sì rí tèmi. Ó bi mí ohun tó ń ṣe mí, mo sọ ọ̀rọ̀ Títí fún un. Ó ní ká dijú. Ó gbàdúrà pé Títí á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lọ́sibítù. Àmín wa rinlẹ̀ lóòótọ́.

Mo wá ń retí ìkan tó kù. Kò dún, mo sì rántí ọwọ́ Ṣadé.

Màmá yẹn kúkú wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè yíjú. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, àwọn yòókù rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi ṣe àmín sí i."

"Ṣé ìwọ lo bẹ̀ mí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Àmín."

Títí là á já. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti ń bá mi jà lórí pé mo jẹ ẹran rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, bí ọjọ́ yẹn bá tún padà dé, màá tún bẹ̀bẹ̀.

Àmọ́ ohùn yẹn bá mi délé. Bí ìyá wa bá ń ṣàdúrà fún Títí láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn àga mi. Bí wọ́n bá ṣe é fún aládùúgbò, mo máa ń gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ẹ̀mí mi á gùn, pé èmi ni màá sin àwọn. Títí ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Mo wá dẹtí, mo dẹtí títí, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Torí náà, bí ẹ bá ń rìn kiri àwọn ibi àtijọ́ wọ̀nyí, tí ẹ gbọ́ àmín ẹni tí ẹ ò rí, ẹ má bẹ̀ ẹ́ o. Ohun yòówù kí ẹ máa wá, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ní mo ti ń gbéraga, pé mi ò jẹ́ kí àwọn ṣàdúrà fún mi mọ́.