Táyé Inú Àpótí Gíláàsì

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa wẹ igi bí ẹni ń wẹ ọmọ? Mo ti gbàdúrà sí i, mo ti gbààwẹ̀ sí i, mi ò tíì rí ìdáhùn.

Yàrá iwájú ilé Màmá Làbákẹ́ ní Mushin ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àdúgbò wa. Àwa ará àdúgbò la kó ẹrù ibẹ̀ jọ: áyọ́ọ̀nù eléèédú, rédíò onígi, fọ́tò àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbí. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n ère ìbejì tó wà nínú gíláàsì, ti Màmá fúnra wọn ni. Àwọn ni Kẹ́hìndé. Táyé kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ni ìyá wọn bá gbé ère yìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láràárọ̀ ni Màmá ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi osùn pa á lára. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán.

Mo ní, "Màmá, ẹ ó wẹ̀ ẹ́ parẹ́ o."

"Kí n wá jẹ́ kó dọ̀tí? Ṣé o máa ń jẹ́ kí ọmọ tìẹ dọ̀tí?"

Wòlíì ìjọ wa wá ríran pé igi kan nílé Màmá ni kò jẹ́ kí ọmọ Rótìmí rí ọmọ bí. Rótìmí ni àbúrò Màmá, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀. Èmi náà ṣe àmín.

Sátidé tó kọjá, mo yà kí Màmá kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì jókòó tí Rótìmí fi dé, òun àti àwọn alàgbà ìjọ wa, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Màmá sáré ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ gbé e jáde ká sun ún!"

"Táyé lo fẹ́ sun? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni o!"

"Igi ni!"

"Tó bá jẹ́ igi ni, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Mo gba wòlíì gbọ́. Ó yẹ kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mi ò ṣí i.

Màmá gbé ère náà jáde nínú gíláàsì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù wé e títí dé orí. Wọ́n wo sùtánà funfun ọrùn mi, wọ́n na ọ̀já sí mi.

"Ìyá Àràmídé, wọn ò ní tú ẹ̀yìn ẹ wò. Wọ́n á rò pé ọmọ-ọmọ ẹ ni. Jọ̀ọ́, bá mi pọ̀n ọ́n kọjá láàárín wọn."