Bàbá Mi, Àwọn Sójà àti Ebè Iṣu

Bàbá mi pa mí lẹ́nu mọ́ lónìí, nínú oko wa ní Kèrè.

Rédíò ló kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀. Àwọn sójà tún ti gba ìjọba ní Kútọnù! Ẹ̀ẹ̀kan sí i!

Mo bá Bàbá níbi tó ti ń wa àwọn iṣu kéékèèké tá a ó fi ṣe ẹ̀bù, tá a ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní:

"Bàbá, ọlọ́gbọ́n kan ní Ṣáínà láyé àtijọ́ ti sọ̀rọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ kan rò pé ìrẹsì òun ò tètè dàgbà, ló bá ń fà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè ga. Gbogbo rẹ̀ ló rọ. Ohun táwọn sójà ń fi ìlú wa ṣe nìyẹn."

Mo rò pé á yìn mí. Èmi olùkọ́ tó kàwé débi ìtàn Ṣáínà!

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọmọ mi, títú ebè ò burú. Ṣebí a tú eléyìí nígbà òjò, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, a gé iṣu ńlá abẹ́ rẹ̀ jẹ. Àmọ́ a ò fa itakùn rẹ̀ tu. A rọra da yẹ̀pẹ̀ padà bò ó."

Ó kó iṣu kéékèèké mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. "Ìdí nìyẹn tó fi bí àwọn wọ̀nyí."

Ohùn rẹ̀ wá rọ̀, bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Àwọn sójà yẹn, ṣé wọ́n máa ń da yẹ̀pẹ̀ padà?"

Mo délé, mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ wà ní Kútọnù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹ rí ẹnikẹ́ni nínú àwọn sójà náà tí yẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?