Òkè Tí Ọmọ Mi Kò Dé Orí Rẹ̀

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo gun òkè Himalaya pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, mo dé góńgó rẹ̀, mo fọwọ́ nu ẹ̀yìn òṣùpá, mo sì sọ̀kalẹ̀ wá jẹun àárọ̀. Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Grand Prairie, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ sí Nepal lóòótọ́ ṣá. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú mi lọ. Ọdún méjì ló fi tọ́jú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ pamọ́ nítorí òkè yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké ni, tí arìnrìn-àjò lásán lè gùn, bó bá gba ìwé àṣẹ, tó mú afinimọ̀nà, tó sì mọ okùn lò.

Dallas yìí tẹ́ bí ẹní, nítorí náà àtẹ̀gùn ilé ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù rẹ̀ la fi kọ́ ẹsẹ̀, èmi pẹ̀lú àpò ìrẹsì lẹ́yìn. Ti okùn ló ṣòro. Ó forúkọ mi sílẹ̀ níbì kan ní Lewisville tí wọ́n ti ń kọ́ni lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ. Obìnrin tó ń kọ́ wa ní kí n tú kókó kan lẹ́ẹ̀mẹta, inú bí mi. Èmi tí mo fi igbà gun ọ̀pẹ kí irùngbọ̀n mi tó hù. Láti ọjọ́ náà, tó bá di Sátidé, Little Elm ni mò ń wakọ̀ lọ, mò ń dẹ ẹja létí adágún.

"Dádì, ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ bàbá ẹ ní okùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fọ́ọ̀mù àwọn tó máa mú wa gòkè dé, mo fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" níbi gbogbo. Orúkọ àwa méjèèjì wà lórí ìwé àṣẹ kan, afinimọ̀nà kan ṣoṣo la sì ní; bí ẹnì kan bá yí padà, gbogbo wa la máa yí padà.

Ẹsẹ̀ mi ò já mi kulẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká dé góńgó, a de irin eléyín mọ́ bàtà, a fi irin kékeré kọ́ ara wa mọ́ okùn tí wọ́n ta sára yìnyín. Níbi tí wọ́n ti so okùn náà, ó yẹ kí n tú irin mi, kí n gbé e kọjá kókó. Mi ò mọ̀ ọ́n. A sì ti ń rí góńgó lókè wa.

Afinimọ̀nà ní, "Bàbá, ṣebí ẹ kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Ọmọ mi yíjú wò mí. Mo gbá àyà mú. "Àyà ló ń dùn mí."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ. "A ń sọ̀kalẹ̀," ló wí.

"Ẹ máa lọ, èmi á jókòó dè yín."

"Dádì, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Kò wẹ̀yìn títí a fi délẹ̀.

Kò tíì rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti fi bàtà òkè rẹ̀ tọrẹ. Ó ti mú mi lọ rí dókítà ọkàn méjì. Wọn ò rí nǹkan kan, ó ní kí wọ́n tún un wò. Tó bá pè mí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Dádì, àyà yẹn ńkọ́?" Mo máa ń ní ó ti sàn díẹ̀.

Góńgó tí mo ní mo dé, irọ́ ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Èyí tí ọmọ mi ò mọ̀ ni pé àyà ò dùn mí lọ́jọ́ náà rárá. Ojú ló ń tì mí, mo bá fi àyà ṣe àwáwí.